Omi Ni Kí Ó Kọ́kọ́ Yan Aṣọ Ọmọ

ẸBI MÀMÁ ARÁNṢỌ: ÌBÉÈRÈ YÍN ÀTI ÈSÌ WA

Lẹ́tà mẹ́rin ló wọlé lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ kan náà: aṣọ ìbora alábùlẹ̀ tí à ń fọwọ́ rán fún ìkókó. Inú mi dùn sí i gidi gan-an, nítorí òun ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ti rán láti ọdún 26 tí mo ti ń jókòó sídìí màsíìnì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí, ègé aṣọ oríṣiríṣi là ń gé, tí à ń rán pọ̀ títí wọ́n á fi di ojú aṣọ kan. A ó tẹ́ aṣọ rírọ̀ sáàárín, a ó fi òmíràn ṣe ẹ̀yìn, a ó wá rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra kí wọ́n má baà máa yẹ̀.

*

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún mi ti pé oṣù méje, oṣù Kejìlá ni wọ́n ní mo máa bímọ. Ó wù mí kí n fọwọ́ ara mi rán aṣọ ìbora ọmọ náà. Mo ní àjákù ànkárá púpọ̀, mo ní léèsì tí mo wọ̀ nígbà ìgbéyàwó mi, mo sì ní aṣọ òkè tí ìyá ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Èwo ni kí n lò nínú wọn? Báwo ni kí n ṣe tò wọ́n? Mo ti wo oríṣiríṣi lórí fóònù títí ojú fi ń ro mí. – Ìyàwó ilé kan, Tákìẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ọmọ mi, wẹ́rẹ́ ni ewé ń bọ́ lára igi. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀.

Gbé fóònù náà sílẹ̀ ná. Kó gbogbo aṣọ tó o dárúkọ jọ, kí o sì bu omi sínú báàfù. Omi ni kí ó kọ́kọ́ bá ọ yan aṣọ, kí ojú rẹ tó wá yàn nínú èyí tí omi bá fi sílẹ̀. Ìkókó á tọ̀, á pọ wàrà, á yàgbẹ́, ilẹ̀ ọjọ́ kan náà kò sì tíì ní í ṣú. Aṣọ tí o kò bá lè fọ̀ lónìí, kí o tún un fọ̀ lọ́la, kí o sá a sóòrùn kí ó sì gbẹ kó tó di ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe aṣọ ọmọ, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ànkárá ni kó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n òwú gidi ni kó jẹ́. Àwọn kan wà lọ́jà báyìí tó jọ ànkárá lójú, ìdajì wọn sì jẹ́ ike. Fa fọ́nrán méjì mẹ́ta yọ létí aṣọ, fi ẹ̀mú dì í mú, kí o ṣáná sí i. Òwú á jó bíi bébà, á rùn bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì di lẹ́búlẹ́bú láàárín ìka rẹ. Èyí tó bá ní ike nínú á yọ́, á sún jọ, á sì di kókó líle bí orí pínnì. Má fi ìyẹn rán nǹkan ọmọ. Kì í fa omi, ooru ni ó máa ń há mọ́ ọmọ lára.

Lẹ́yìn náà, rẹ gbogbo wọn sómi, kálukú lọ́tọ̀, láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúríìdọ́ọ̀mù tí mo sì gba ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo rán ọ̀kan fún ìsọmọlórúkọ, pupa àti funfun. Ó dára débi pé àwọn tó ń kọjá ń yà wò ó. Ìyá ọmọ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo funfun inú rẹ̀ di àwọ̀ osùn. Ó gbé e padà wá, kò bú mi, ó kàn rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ dùn mí ju èébú lọ. Mo ra aṣọ mìíràn látinú àpò ara mi, mo sì tún gbogbo rẹ̀ rán láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ègé kan tó ń dé abẹ́ abẹ́rẹ́ mi tí kò tíì wọ omi. Kì í ṣe nítorí àwọ̀ nìkan. Òwú máa ń sún kì nígbà àkọ́fọ̀. Bí ọ̀kan bá sún tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sún, ojú aṣọ á ká kò, áyọ́ọ̀nù kankan kò sì lè tẹ́ ẹ mọ́.

Léèsì, rárá. Ìka ọmọ á há sínú ihò rẹ̀, òkúta dídán tó wà lára rẹ̀ á sì já, ẹnu ni yóò sì gbà lọ. Tọ́jú ìyẹn. Bí ọmọ náà bá jẹ́ obìnrin, á rí i rán bùbá nígbà tó bá dàgbà.

Aṣọ òkè ìyá ìyá rẹ ni mo fẹ́ kí a jọ jókòó tì dáadáa. O kò sọ irú èyí tó jẹ́ fún mi. Bó bá ní àwọ̀ ilẹ̀, bíi ti tíì tí a da mílíìkì sí, sányán nìyẹn, ara ilé tí kòkòrò inú igbó ń hun ni wọ́n ti ń fa òwú rẹ̀. Bó bá jẹ́ aró tó jinlẹ̀, tí ìlà funfun tíntìntín ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹtù ni. Bó bá pupa, àlàárì ni. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, bí àwọn àgbà bá ti lò ó títí tó fi rọ̀, ó sàn fún ọmọ ju tuntun lọ. Inú àwọn tuntun ni wọ́n ti ń fi fọ́nrán tó ń kọ mànà sí, fọ́nrán yẹn máa ń ha ara. Mú tìrẹ, fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ. Bó bá ha ọ́, á ha ọmọ.

Jọ̀wọ́, má gé e wẹ́wẹ́. Ẹni tó hun ún ti ṣe iṣẹ́ àṣekára tẹ́lẹ̀ fún ọ. Ìbú ọ̀já aṣọ òkè àtijọ́ kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju bí íǹṣì 4 lọ, etí rẹ̀ méjèèjì sì ti dì, kì í tú. Tú ìrán tó so ọ̀já méjì pọ̀, yọ ọ̀kan ṣoṣo, kí o fi í gba àárín aṣọ ìbora náà kọjá látòkè délẹ̀, kí ànkárá wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Ibi méjì tí o bá ti gé e nìkan ni yóò fẹ́ tú, rán ibẹ̀ ní sígísáàgì lójú ẹsẹ̀. Bí o bá ṣe é báyìí, ohun tó kù lára aṣọ ìyá àgbà ṣì wà lódindi fún ọmọ kejì àti ẹ̀kẹta.

Ní ti bí o ṣe máa tò ó, wo bí ọnà ara ànkárá kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Èyí tí wọ́n ya ẹyẹ ńlá tàbí fáànù sí, bí o bá gé e ní íǹṣì 5, apá ẹyẹ á wà níhìn-ín, ìrù á wà lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó máa mọ ohun tó jẹ́. Fi irú ìyẹn ṣe ẹ̀yìn lódindi. Àwọn tí ọnà wọn jẹ́ wẹ́wẹ́ ni kí o gé. Lẹ́yìn náà, kó ègé rẹ sí òkìtì mẹ́ta: èyí tó ṣókùnkùn, èyí tó mọ́lẹ̀, èyí tó wà láàárín méjèèjì. Má wo bóyá ó jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ òféfèé. Tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí òkùnkùn máa tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀, sún sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, kí o di ojú rẹ díẹ̀. Ibi tí gbogbo rẹ̀ bá ti pò mọ́ra wọn bí ọbẹ̀, ègé ibẹ̀ ni kí o pààrọ̀.

Mo ń tẹnu mọ́ òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ nítorí ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ojú ìkókó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò mú ju bí íǹṣì 8 sí 12 lọ, ìyẹn bí ọmú ṣe jìnnà sí ojú ìyá rẹ̀ tó. Dúdú tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun ni ó sì máa ń kọ́kọ́ tẹjú mọ́. Gbogbo àwọ̀ pínkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń sáré rà, ìkókó kò tíì mọ̀ wọ́n. Bó bá jẹ́ ẹtù ni aṣọ òkè ìyá ìyá rẹ, ohun tí ọmọ rẹ máa kọ́kọ́ wò lẹ́yìn ojú rẹ ti wà nílé.

Oṣù Kejìlá, ọyẹ́ á ti dé. Fi fúláńẹ̀lì kan ṣoṣo sáàárín. Má lo fóòmù, má sì lo òwú inú ìrọ̀rí, wọ́n á ṣù jọ ní igun kan bí a bá ti fọ̀ wọ́n. Bí oṣù Kẹta bá fi dé, tí ooru mú, ẹní ìṣeré ni yóò dà.

*

*Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Màmá. Mo ń rán irú aṣọ yìí fún ọmọ tí mo máa bí. Ìyá ọkọ mi wọlé bá mi, wọ́n ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé aṣọ alábùlẹ̀ jọ ti egúngún, pé àwọn kò tòṣì débi tí ọmọ àwọn á máa fi àkísà bora. Mo ti kó o pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ni kí n ṣe? – Ìyàwó, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́*

Má bá wọn jiyàn, ọmọ mi. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Ọ̀yọ́ ni ẹ wà, wọ́n ti ń wo egúngún láti kékeré. Aṣọ rẹ̀ jẹ́ ìpele lórí ìpele, ègé lára ègé, onígun mẹ́ta mẹ́ta sì yí etí rẹ̀ ká bí eyín ayùn. Ṣùgbọ́n rántí ohun tí ilé onílé máa ń kó sára aṣọ yẹn. Àrán ni, dámáàsìkì ni, aṣọ olówó iyebíye ni, wọ́n sì máa ń fi tuntun kún un bí ọdún ti ń yí lu ọdún. Ẹnikẹ́ni kò fi òṣì rán an. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí baba wọn ni wọ́n fi rán an. Nítorí náà, ègé aṣọ tí a rán pọ̀ kì í ṣe àmì ìṣẹ́ láàárín tiwa.

Síbẹ̀, ọkàn ìyá ọkọ rẹ ni kó balẹ̀. Má fi onígun mẹ́ta yí etí rẹ̀ ká. Gé aṣọ rẹ ní gbọọrọ gbọọrọ, kí o rán wọn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ọ̀já òfì. Kò sí ìyá àgbà kankan ní Ọ̀yọ́ tó máa rí ìyẹn tó máa pè é ní aṣọ eégún. Òfì ni yóò rántí.

Lẹ́yìn náà, kúnlẹ̀ kí o tọrọ ègé kan lára ìró wọn àtijọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n fọwọ́ ara wọn yàn án. Àwa náà la máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ tìrẹ á ní in láti ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé ìyá bàbá rẹ̀ yọ̀ǹda tirẹ̀ fún un.

Ìyá mi ní kíjìpá kan, aláwọ̀ aró tó ti ṣá, tí ìyá tiwọn hun nílé. Wọ́n máa ń sọ pé kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, nítorí pé ó lágbára, kì í tètè gbó, ẹni tó bá ní in kò nílò láti máa ra aṣọ lóòrèkóòrè. Òun ni wọ́n fi pọn èmi àti àwọn àbúrò mi. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, wọ́n fún mi ní ìdajì rẹ̀, mo sì fi ṣe ẹ̀yìn aṣọ ìbora alábùlẹ̀ tí mo kọ́kọ́ rán láyé mi. Ọmọ mẹ́rin ló ti lò ó. Ànkárá iwájú rẹ̀ ti ya, mo ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kíjìpá yẹn ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Bí ìyá ọkọ rẹ bá ní kíjìpá nínú àpótí wọn, òun gan-an ni kí o tọrọ.

*

*Màmá, mo ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́wọ́, ọ̀gá mi sì gbà mí láyè kí n máa rán aṣọ ìbora ọmọ tà. Yáàdì mélòó ni kí n rà? Kí ló dé tí igun àwọn ègé mi kì í fi í pàdé? – Ọmọ iṣẹ́, Apákẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́*

Íǹṣì 36 ní gígùn àti ní ìbú tó fún ìkókó. Gé ègé rẹ ní íǹṣì 5 lọ́nà méjèèjì. Bí o bá fi ìdá mẹ́rin íǹṣì sílẹ̀ fún ìrán ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, íǹṣì 4 àti ààbọ̀ ló máa hàn lójú. Mẹ́jọ ní ìlà kan, ìlà mẹ́jọ, 64 ni gbogbo ègé rẹ.

Ànkárá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 45 á fún ọ ní ègé 9 lórí ìbú, àti ìlà 7 nínú yáàdì kan, ìyẹn 63. Nítorí náà má ra yáàdì kan kan nínú gbogbo rẹ̀. Ààbọ̀ yáàdì á fún ọ ní 27. Oríṣi mẹ́ta ní ààbọ̀ yáàdì kọ̀ọ̀kan, 81, ti tó, ó tún ṣẹ́kù fún àṣìṣe. Fún ẹ̀yìn, ra yáàdì kan àti ìdá mẹ́rin, kí etí rẹ̀ lè yọ jáde ju iwájú lọ kí o tó gé e dọ́gba. Ní Ọjà Jagun, mo máa ń gbé oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí n tó sanwó, nínú oòrùn, kì í ṣe nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù.

Ti igun: mo fura sí etí ìrán rẹ. Bí o bá ń fi ààbọ̀ íǹṣì sílẹ̀ dípò ìdá mẹ́rin, íǹṣì 4 ni ègé kọ̀ọ̀kan máa kù sí, íǹṣì 4 odindi á sì ti bọ́ lára aṣọ rẹ kó tó délẹ̀. Bí o bá ń fi ìdá mẹ́rin síbi kan, tí o ń fi ààbọ̀ síbòmíràn, igun kò ní pàdé láé. Lẹ téèpù kan mọ́ ara màsíìnì rẹ ní ìdá mẹ́rin íǹṣì sí abẹ́rẹ́, kí etí aṣọ máa rìn tọ̀ ọ́. Gé páálí líle kan ní íǹṣì 5 géérégé, òun ni kí o máa fi yàwòrán gbogbo ègé, má máa fi ègé aṣọ wọn ègé aṣọ. Bí o bá ti rán ìlà kan tán, fi áyọ́ọ̀nù tẹ etí ìrán rẹ̀ sápá ọ̀tún. Ti ìlà tó tẹ̀lé e, tẹ̀ ẹ́ sápá òsì. Nígbà tí o bá fẹ́ rán ìlà méjèèjì pọ̀, wàá fọwọ́ gbọ́ bí igun ṣe ń bọ́ sínú ara wọn.

Onígun mẹ́ta, jẹ́ kó dúró ná. Ibi tí a bá ti gé aṣọ láti igun kan dé igun kejì máa ń fà bíi rọ́bà, ó sì gba ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́.

*

*Ẹ kú ìmọ̀ràn, Màmá. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó ní ọnà ọṣùbàm̀bà láti fi rán ìbora fún ọmọ, ìyàwó mi ní aró á ran ọmọ lára. Òótọ́ ni? Ṣé ọmọ náà lè máa fi sùn? – Bàbá ìkókó, Owódé, Ọ̀yọ́*

Bàbá ìkókó, ẹ kú ọwọ́ lómi o.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti oorun, nítorí òun ló ṣe pàtàkì jù. Rárá. Àwọn dókítà ọmọdé ti là á mọ́lẹ̀ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ ní ìbora tó ṣí sílẹ̀, ìrọ̀rí tàbí nǹkan rírọ̀ mìíràn níbi tó ń sùn sí, nítorí ó lè bò ó nímú, ọmọ náà kò sì lágbára láti tì í kúrò. Ẹ tẹ́ ẹ sùn lórí ẹ̀yìn rẹ̀, lórí ibùsùn tó le dáadáa. Bí ọyẹ́ bá mú, aṣọ alápá gígùn àti ìbọ̀sẹ̀ ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ìbora là ń pe ohun tí mò ń rán, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ mi ni mo máa ń sọ èyí fún kí ó tó gbé e lọ: bí ọmọ bá wà lójúfò, tí ojú yín wà lára rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó dùbúlẹ̀ lé e, tàbí kí ẹ fi bò ó lẹ́sẹ̀ lórí itan. Lẹ́yìn ọdún kan, ó lè fi sùn.

Ti àdìrẹ, òótọ́ ni ìyàwó yín sọ. Ara òwú ni aró máa ń lẹ̀ mọ́, kì í wọnú rẹ̀ tán, nítorí náà èyí tó bá pọ̀ jù á máa ṣí lé ohun tó bá fara kàn án. Ọmọ á sì fi sẹ́nu, ẹ má ṣe iyèméjì nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ jù ú nù. Òṣùpá ńlá àti òṣùpá kékeré ara ọṣùbàm̀bà, funfun nínú aró, jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó dára jù tí ojú ìkókó lè máa wò. Ẹ fọ ìyókù ẹ̀kọ tí wọ́n fi ya ọnà ara rẹ̀ dànù, kí ẹ sì máa fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀, títí omi á fi mọ́. Mo ti fọ òmíràn nígbà méje rí. Bó bá gbẹ tán, ẹ rẹ aṣọ ìnujú funfun sómi, kí ẹ fi nù ún dáadáa níbi tí aró ti ṣókùnkùn jù. Bí aṣọ ìnujú náà bá ní àbàwọ́n, ẹ padà sídìí omi. Ìgbà tó bá jáde ní funfun lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra ni kí ẹ tó mú àlùmọ́gàjí.